Ènìyàn ní Àárín Gbùngbùn Ayé: Apá Ibo ni Òòfà Ilẹ̀ Yóò Fà Á Sí?

Abẹ́òkúta ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ gbé ìbéèrè ńlá kan dìde nínú ìmọ̀ sáyẹ́ńsì. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ ìlú náà dó ní 1830, lẹ́yìn tí ogun ti tú wọn kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá, abẹ́ àpáta Olúmọ ni wọ́n fi ṣe ibi ìsádi. Ilẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, akọ òkúta sì wà lókè orí wọn. Kò sí ẹni tí kò gbà pé ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ń fa ènìyàn mọ́ra. Òun ni kò jẹ́ kí a máa léfòó káàkiri bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ṣùgbọ́n òkúta tí ó wà lókè orí ńkọ́? Ṣé òun kò fa ènìyàn ni? Bí ó bá sì ń fa ènìyàn, apá ibo ni ó ń fà á sí?

Ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè kékeré yìí ní àdáhùn-yè ti ní kọ́kọ́rọ́ sí èyí tí ó tóbi jù ú lọ, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń fi dán olùkọ́ físíìsì wò: ká ní ó ṣeé ṣe láti gbẹ́ kànga kan ní Aké, kí a gbẹ́ ẹ wọ inú ilẹ̀ lọ títí dé àárín gbùngbùn ayé, kí ènìyàn sì dé ibẹ̀ láàyè, kí ni òòfà ilẹ̀ yóò ṣe fún un?

Ìdáhùn méjì ni ó sábà máa ń jáde. Àwọn kan ní àárín gbùngbùn ayé ni orírun òòfà, nítorí náà ibẹ̀ ni yóò ti le jù lọ. Òòfà yóò fún ènìyàn pọ̀ di ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀. Àwọn wọ̀nyí a tilẹ̀ máa fi òfin Newton gbe ara wọn lẹ́sẹ̀: bí a bá ti ń sún mọ́ nǹkan ni òòfà rẹ̀ ń le sí i, bí jíjìnnà bá wá di òdo, òòfà yóò di èyí tí kò lópin. Àwọn kejì ní kò ní sí òòfà kankan níbẹ̀ rárá, ara yóò sì tu ènìyàn pẹ̀sẹ̀. Ìdáhùn kìíní kò tọ̀nà. Ìdáhùn kejì sún mọ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀, bí a ó ti rí i.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ kí a mọ̀ ni pé òòfà ilẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan tí ó lúgọ sí àárín ayé bí ọba tí ó jókòó sí ààfin. Ohun tí Isaac Newton fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1687 ni pé gbogbo èròjà ni ó ń fa gbogbo èròjà mìíràn. Òkúta kan ń fa òkúta kejì. Ewé ń fa ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì ń fa ewé. Bí èròjà bá ti pọ̀ tó ni ìfà náà ń pọ̀ tó. Bí jíjìnnà láàárín nǹkan méjì bá sì di ìlọ́po méjì, ìfà náà yóò dínkù di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìfà tí òkúta kan ṣoṣo lè fà kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Gbogbo òkúta, gbogbo iyanrìn, gbogbo omi òkun àti gbogbo irin tí ó wà nínú ilẹ̀ ayé ni ó pawọ́ pọ̀ fa ẹni tí ó dúró ní Aké. Nítorí pé ayé rí róbótó bí ọsàn, àpapọ̀ ìfà wọn dà bí ẹni pé láti àárín gbùngbùn ni ó ti ń wá. Ó dà bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ìdáhùn ìbéèrè kékeré ti ìṣáájú nìyí. Òkúta Olúmọ ń fa ẹni tí ó sá sábẹ́ rẹ̀ sókè ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ ayé ni ó ń fà á sísàlẹ̀, Olúmọ kò sì ju ẹyọ iyanrìn kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé. Bí ẹni náà bá wọn 60 kìlógírààmù, ohun tí àpáta náà lè mú kúrò nínú ìwúwo rẹ̀ kò tó gírààmù kan. Síbẹ̀, ó mú un kúrò. Pé òkè lè fa nǹkan kì í ṣe àbá lásán. Ní 1774, Nevil Maskelyne ta okùn olójé sí ẹ̀gbẹ́ òkè Schiehallion ní Scotland, ó sì rí i pé okùn náà kò sọ̀ tààrà sísàlẹ̀. Ó tẹ̀ díẹ̀ síhà òkè náà, nítorí pé òkè náà ń fà á.

Nítorí náà ìwúwo ènìyàn kì í ṣe ohun tí ó dúró sójú kan. Èròjà ara rẹ̀ kò yí padà, ibikíbi tí ó wù kí ó wà. Ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ ni ìfà tí ilẹ̀ ń fa èròjà náà, ìyẹn sì ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kó ipa nínú bí aráyé ti ṣe mọ èyí. Irin-iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n ni pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ìyẹn irin tí ń fì síwá sẹ́yìn nínú aago ńlá ara ògiri. Bí òòfà bá le, a yára fì. Bí òòfà bá dẹ̀, a rọra fì. Ní 1672, Jean Richer, ará Faransé, gbé aago rẹ̀ dé Cayenne ní Gúúsù Amẹ́ríkà, aago náà sì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ falẹ̀ lójúmọ́. Ní 1682, àwọn ará Faransé mìíràn wọn pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ní erékùṣù Gorée létí òkun Senegal, Newton sì lo ìṣirò wọn nínú ìwé rẹ̀. Ní 1822, Edward Sabine, ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ka fífì pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ní Freetown ní Sierra Leone. Ọdún 1822 yìí kan náà ni ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a gbà lọ́wọ́ àwọn onísòwò ẹrú kalẹ̀ ní Freetown. Òun ni a wá mọ̀ sí Àjàyí Crowther, tí ó wá sí Abẹ́òkúta ní 1846.

Ohun tí ìwọ̀n wọ̀nyí fi hàn ni pé ilẹ̀ ayé kò rí róbótó délẹ̀. Ó wú díẹ̀ ní agbedeméjì. Ẹni tí ó wà ní ìlà agbedeméjì ayé fi nǹkan bí kìlómítà 21 jìnnà sí àárín gbùngbùn ju ẹni tí ó wà ní ìpẹ̀kun àríwá lọ. Abẹ́òkúta wà ní ìwọ̀n dígírì 7 péré sí ìlà agbedeméjì. Bí ẹni tí ó wọn 60 kìlógírààmù lórí ìwọ̀n onísípíríìngì ní Aké bá gbé ìwọ̀n kan náà dé ìpẹ̀kun àríwá, ìwọ̀n náà yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kìlógírààmù lé sí i, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ jẹ òkèlè kan lé ti tẹ́lẹ̀.

Kí a wá padà sí kànga Aké. Láti ẹnu rẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé tó nǹkan bí kìlómítà 6,371. Ọ̀nà náà jìn ju ti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù lọ. Kòtò tí a ti ń wa òkúta ìṣe-sìmẹ́ńtì ní Ewékorò jinlẹ̀ lójú ẹni tí ó bá dúró létí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tí ì ha èèpo ọsàn náà lára. Ihò tí ó jinlẹ̀ jù lọ tí ènìyàn tí ì gbẹ́ wọlẹ̀ tààrà ni ti Kola ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1989 ó dé mítà 12,262, ooru inú rẹ̀ sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà nira kọjá àlà. Kìlómítà 12 àti díẹ̀ nínú 6,371 nìyẹn.

Bí ènìyàn bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kànga yìí, nǹkan méjì ni yóò máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní, ó ń sún mọ́ àwọn èròjà wíwúwo tí ó wà nísàlẹ̀, ìfà wọn sì ń le sí i. Èkejì, ó ń fi ilẹ̀ sókè orí ara rẹ̀. Newton fi ìṣirò hàn pé ìpele ilẹ̀ tí ènìyàn bá ti sọ̀ kọjá, bí ó bá yí ayé po dọ́gba-dọ́gba bí èèpo ọsàn, kò tún ní ipá kankan lórí ẹni náà mọ́. Apá tí ó súnmọ́ ọn fi ipá fà á, ṣùgbọ́n ó kéré. Apá tí ó jìnnà sí i ń fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó pọ̀. Ìfà méjèèjì sì pa ara wọn rẹ́ pátápátá. Ìyókù ayé tí ó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó kù tí ń fà á.

Bí ilẹ̀ ayé bá rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹ̀bà, ìwúwo ènìyàn yóò máa dínkù láti ìgbésẹ̀ kìíní: ní ìdajì ọ̀nà, yóò ku ìdajì. Ṣùgbọ́n ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ òkúta tí ó wà lókè fúyẹ́. Irin àti níkẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàárín ni ó wúwo. Nítorí èyí, ìwúwo kọ́kọ́ ń pọ̀ sí i ná. George Airy fi èyí hàn ní 1854 nínú kòtò èédú Harton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù tí ó wà nísàlẹ̀, ní nǹkan bí 380 mítà, fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì àti díẹ̀ lójúmọ́ yára ju ti òkè lọ. Ní nǹkan bí kìlómítà 2,890 sísàlẹ̀, níbi tí òkúta ti parí tí irin yíyọ́ sì bẹ̀rẹ̀, ni òòfà ti le jù. Ẹni tí ó wọn 60 kìlógírààmù ní Aké yóò fi ohun tí ó lé ní kìlógírààmù 5 wúwo sí i níbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ ni ìwúwo rẹ̀ yóò wá máa fọn, títí yóò fi di òdo ní àárín gbùngbùn.

Kí ni ó sọ ọ́ di òdo? Kò sí pé ohunkóhun dáwọ́ fífà dúró. Ẹni tí ó bá ti rí eré fífa okùn ní pápá ilé-ìwé mọ̀ pé bí ẹgbẹ́ méjì tí agbára wọn dọ́gba bá ń fa okùn, kókó tí ó wà láàárín okùn kì í mira. Kì í ṣe pé a kò fà á. A fà á síhìn-ín bí a ti fà á sọ́hùn-ún. Ẹni tí ó wà ní àárín gbùngbùn ayé dà bí kókó náà: Áfíríkà ń fà á, òkun Pàsífíìkì tí ó dojú kọ ọ́ ní òdì kejì ayé náà ń fà á; àríwá ń fà á, gúúsù ń fà á. Ìfà gbogbo wọn dọ́gba, ó sì já sí asán. Bí a bá lè ṣe yàrá kan síbẹ̀, ẹni náà yóò léfòó nínú rẹ̀. Omi tí ó bá dà kò ní ṣàn. Iná ìṣáná rẹ̀ kò ní gùn sókè, yóò rí róbótó ni, nítorí pé kò sí òkè kan tí yóò gùn lọ.

Ibi yìí ni àṣìṣe àwọn onídàáhùn kìíní hàn sí. Òfin Newton kò ṣẹ̀. Àwọn ni wọ́n lò ó kọjá ààlà rẹ̀. Ìjìnnà sí àárín gbùngbùn tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò náà wúlò fún ẹni tí gbogbo ayé ṣì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá wọ inú ayé, èròjà tí ó ń fà á kì í ṣe gbogbo ayé mọ́. Bí ìjìnnà bá ti ń di òdo ni èròjà tí ó kù nísàlẹ̀ náà ń di òdo, èròjà náà sì ń yára tán ju ìjìnnà lọ.

Ó tún yẹ kí a ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn tí ń gbé inú ọkọ̀ òfuurufú tí ń yí ayé po. Àwọn náà ń léfòó, ṣùgbọ́n òòfà kò fi wọ́n sílẹ̀. Ní kìlómítà 400 lókè, òòfà ṣì tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti orí ilẹ̀. Wọ́n ń léfòó nítorí pé àwọn àti ọkọ̀ wọn jọ ń jábọ̀ yí ayé po láìdábọ̀ ni. Ti àárín gbùngbùn yàtọ̀: níbẹ̀, ìfà ilẹ̀ ayé pa ara rẹ̀ rẹ́ ní ti gidi.

Àṣìṣe àwọn onídàáhùn kejì wá kù. Wọ́n ní bí òòfà kò bá sí, ara yóò tu ènìyàn. Wọn kò mọ̀ pé fífà yàtọ̀ sí fífúnpọ̀. Kí a wo ọjọ́ ọdún Lísàbí ní Abẹ́òkúta, nígbà tí èrò bá pé jọ. Ẹni tí ó há sí àárín èrò, tí a ń tì bákan náà láti iwájú, láti ẹ̀yìn, láti ọ̀tún àti láti òsì, kò lè lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n egungun ìhà rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àárín gbùngbùn ayé rí. Ìpele kọ̀ọ̀kan nínú ilẹ̀ ní ìwúwo tirẹ̀, ó sì gbé e lé èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí. Nígbà tí ẹrù gbogbo wọn bá fi dé àárín, ìfúnpọ̀ rẹ̀ yóò ti ju mílíọ̀nù 3 ìlọ́po ti afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ lọ. Ooru ibẹ̀ lé ní dígírì 5,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ojú òòrùn. Kò sí yàrá tí a lè kọ́ síbẹ̀ tí kò ní wó. Ẹni tí ó bá débẹ̀ yóò kú, ṣùgbọ́n òòfà ibẹ̀ kọ́ ni yóò pa á. Ẹrù ìpele tí ó wà lókè àti ooru ni yóò pa á.

Àwọn kan a máa bèèrè pé bí ènìyàn bá bẹ́ sínú kànga náà ńkọ́, ṣé kò ní dúró ní àárín, níbi tí òòfà ti tán? Ká ní kò sí afẹ́fẹ́ nínú kànga náà, tí ayé kò sì yí, onítọ̀hún yóò dé àárín gbùngbùn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, eré rẹ̀ yóò sì ju kìlómítà 7 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Níbi tí òòfà ti di òdo gan-an ni eré rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò ní dúró. Yóò kọjá lọ sí òdì kejì, yóò sì tún padà wá, bí ọmọdé tí ń fì lórí okùn. Òdì kejì Aké bọ́ sínú òkun Pàsífíìkì, láàárín erékùṣù Tuvalu àti erékùṣù Phoenix ti Kiribati, nítorí náà omi òkun ni yóò kún kànga náà. Bẹ́ẹ̀ ni ayé sì ń yí. Aké ń sáré lọ síhà ìlà-oòrùn ní nǹkan bí mítà 460 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àárín gbùngbùn kò sì rìn rárá. Ẹni tí ó bá bẹ́ láti Aké yóò fi ara lu ògiri kànga tí ó wà níhà ìlà-oòrùn kí ó tó jìnnà.

Báwo ni a ti ṣe mọ gbogbo èyí, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò débẹ̀ rí? Ilẹ̀ ríri ni ó sọ fún wa. Ní oṣù Keje ọdún 1984, ilẹ̀ mì ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde, a sì mọ̀ ọ́n lára dé Abẹ́òkúta. Bí ilẹ̀ bá mì gidigidi níbì kan, ìgbì rẹ̀ a la inú ayé kọjá, ẹ̀rọ a sì gbọ́ ọ ní òdì kejì. Bí ìgbì náà ṣe yára tàbí tí ó ṣẹ́rí ni ó ń fi ohun tí ó là kọjá hàn, bí ènìyàn ti í fi ìka kan agbè láti mọ̀ bóyá omi wà nínú rẹ̀. Báyìí ni Inge Lehmann, obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Denmark, ṣe fi hàn ní 1936 pé irin yíyọ́ inú ayé ní ọmọ inú mìíràn. A ti wá mọ̀ pé ọmọ inú yìí le gbagidi. Bí ooru rẹ̀ ti pọ̀ tó, ìfúnpọ̀ kò jẹ́ kí ó yọ́.

Ohun tí a sọ nípa ayé yìí bá gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì róbótó mu. Ní àárín Jupiter tí ó tóbi jù gbogbo wọn lọ, ìwúwo ènìyàn yóò di òdo bákan náà; ìfúnpọ̀ ibẹ̀ nìkan ni yóò le jù ti ayé lọ.

Kí ni èyí já sí fún olùkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há òfin sórí, tí kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ẹrù wà àti apá ibi tí ìfà ti ń wá, yóò dé àárín gbùngbùn pẹ̀lú ìdáhùn tí kò lópin, yóò sì gbà pé òótọ́ ni. Èyí tí ó mọ̀ pé gbogbo èròjà ni ó ń fà yóò rí òdo náà láìlo ìwé. Èdè Yorùbá kò sì di irú ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ńsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀kọ́ òòfà yé ọmọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ méjì tí ọmọ náà ti mọ̀ láti ilé: òkè àti ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni apá ibi tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé wà sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Òkè ni òdì kejì rẹ̀. Ní àárín gbùngbùn ayé, apá kan kò pọ̀ ju apá kan lọ. Ibi gbogbo ni ó di òkè níbẹ̀, ìsàlẹ̀ sì tán.